Iyùn Inú Òkun àti Ìrìn-àjò Ọjọ́ Kan Lọ Wò Ó

(Àròkọ Aṣàlàyé)

Ìmọ̀ràn fún akẹ́kọ̀ọ́

Nínú àròkọ aṣàlàyé, iṣẹ́ tí a gbé lé ọ lọ́wọ́ ni pé kí o mú ohun kan tí kò yé òǹkàwé, kí o sì tú u palẹ̀ títí yóò fi yé e yékéyéké. Kì í ṣe ìtàn ni a ní kí o sọ, bẹ́ẹ̀ ni a kò ní kí o bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Àṣìṣe tí mo rí jù nínú ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ni ní Oǹdó àti ní Àkúrẹ́ ni pé wọn a máa yin ohun náà dípò kí wọ́n ṣàlàyé rẹ̀. Ẹni tí ó kọ ọ́ pé iyùn dára, iyùn lẹ́wà, iyùn níyì, ti kọ gbólóhùn mẹ́ta, ṣùgbọ́n kò tí ì sọ ohun tí iyùn jẹ́.

Nígbà kan mo bi kíláàsì kan léèrè pé, "Kí ni iyùn?" Ẹni kìíní ní òkúta ni. Ẹni kejì ní kóró èso igi kan ni. Ẹnì kẹta ní àwọn Òyìnbó ni wọ́n ń rọ ọ́ ní ilé iṣẹ́. Kò sí èyí tí ó gbà á nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí kò tí ì rí iyùn rí nínú gbogbo wọn. Ìdí nìyí tí mo fi yan orí ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tí ojú ń rí lójoojúmọ́ ni ènìyàn kì í sábà bèèrè ìdí rẹ̀.

Kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí kọ ọ́, bi ara rẹ ní ìbéèrè mẹ́rin: Kí ni? Báwo ni? Níbo ni? Kí ló dé? Lẹ́yìn náà ni kí o to èrò rẹ báyìí:

1. Ìfáárà: iyùn tí a mọ̀ nílé
2. Ohun tí iyùn jẹ́ gan-an
3. Bí àpáta iyùn ṣe ń dàgbà, àti ìwúlò rẹ̀
4. Ibi tí ó wà, àti ìdí tí kò fi sí ní etíkun wa
5. Bí ìrìn-àjò ọjọ́ kan lọ síbẹ̀ ṣe ń rí
6. Ohun tí ó ń pa iyùn, àti òfin tí àlejò gbọ́dọ̀ pa mọ́
7. Ìkádìí

Àròkọ náà nìyí

Kò sí ọmọ Oǹdó tàbí ọmọ Àkúrẹ́ tí kò mọ iyùn. Bí Ọ̀ṣemàwé bá jáde lọ́jọ́ ọdún, tàbí tí Déjì bá jókòó láàrin àwọn ìjòyè rẹ̀, iyùn ni a ó rí lọ́rùn àti lọ́wọ́ wọn. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, iyùn ni ìyàwó fi ń ṣe ọrùn lọ́ṣọ̀ọ́. Ìdílé mìíràn wà tí okùn iyùn kan ti kúrò lọ́wọ́ ìyá àgbà bọ́ sí ọwọ́ ìyá, kí ó tó dé ọwọ́ ọmọ. Iyì ni a mọ̀ mọ́ iyùn. Ṣùgbọ́n ibi tí ó ti wá, ẹ̀dá tí ó ṣe é, àti ewu tí ó wà lórí àwọn ìbátan rẹ̀ nínú òkun lónìí, ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ ni ó mọ̀ ọ́n.

Iyùn kì í ṣe òkúta, kì í sì í ṣe igi. Egungun ẹ̀dá alààyè kan tí ó ń gbé inú òkun ni. Ẹ̀dá náà kéré púpọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tóbi ju orí ìṣó lọ. Ara rẹ̀ rọ̀ bí ara ìgbín tí ó yọrí jáde nínú ìkarahun. Ẹnu kan ṣoṣo ni ó ní, ọwọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ sì yí ẹnu náà ká, tí ó fi ń mú oúnjẹ tí omi bá gbé kọjá. Gẹ́gẹ́ bí ìgbín ti ń mọ ìkarahun le ara rẹ̀ lórí, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀dá yìí ń fa èròjà bí ẹfun láti inú omi òkun, tí ó sì fi ń mọ ilé líle fún ara rẹ̀. Kì í sábà dá gbé. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ni ó ń so mọ́ ara wọn bí ẹni pé ara kan ni wọ́n. Nígbà tí àwọn kan bá kú, àwọn mìíràn a mọ ilé tiwọn lé orí ilé àwọn tí ó ti lọ, bí ikán ti ń mọ ògán. Lẹ́yìn ẹgbẹ̀rún ọdún mélòó kan, ohun tí ó bẹ̀rẹ̀ bí orí ìṣó a ti di òkè ńlá lábẹ́ omi. Òkè bẹ́ẹ̀ ni a ń pè ní àpáta iyùn nínú àròkọ yìí.

Oríṣiríṣi iyùn ni ó wà, kí a má baà ṣi ọ̀kan pè fún èkejì. Iyùn pupa tí a fi ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀, inú Òkun Mẹditaréníà ni a ti ń rí i láti ìgbà láéláé. Àwọn Potogí tí ó dé Ìbíní ní àwọn ọdún 1480 wà lára àwọn oníṣòwò tí ó kó o wá sí apá ọ̀dọ̀ wa. Irú iyùn yìí fẹ́ràn ibi tí ìmọ́lẹ̀ kò pọ̀, kì í sì í kọ́ àpáta. Kò tó mílímítà kan tí ó fi ń sanra sí i lọ́dún. Nítorí náà, ìlẹ̀kẹ̀ iyùn tí ó tóbi bí èkùrọ́ ti lo ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún nínú òkun kí ọwọ́ ènìyàn tó kàn án. Àwọn ìbátan rẹ̀ tí ó fẹ́ràn oòrùn ni wọ́n ń kọ́ àpáta, àwọn gan-an sì ni àwọn àlejò ń wọ ọkọ̀ lọ wò.

Ẹ̀dá iyùn tí ó ń kọ́ àpáta kò dá ṣe iṣẹ́ náà. Ewé omi kan wà tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí i. Inú ẹran ara iyùn ni ó ń gbé. Ewé yìí ń lo ìmọ́lẹ̀ oòrùn láti pèsè oúnjẹ, ó sì ń fún iyùn ní èyí tí ó pọ̀ nínú rẹ̀. Iyùn ní tirẹ̀ ń fún un ní ilé àti ààbò. Lára ewé yìí náà ni púpọ̀ nínú àwọ̀ iyùn ti ń wá. Onílé àti ayálégbé ni àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ayálégbé ni ó ń bọ́ onílé. Ọjọ́ tí ayálégbé bá kó jáde, ebi dé nìyẹn. Kí òǹkàwé fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí pé a ó tún padà sí i.

Bí àjọṣe wọn ti dára tó, iṣẹ́ náà kò yá. Àwọn iyùn tí ó yọ ẹ̀ka bí igi lè fi sẹ̀ǹtímítà 10 ga sí i lọ́dún, ṣùgbọ́n àwọn tí ó rí roboto bí orí kì í sábà ju sẹ̀ǹtímítà 1 tàbí 2 lọ. Àpáta iyùn kò gbà tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ abẹ́ òkun, síbẹ̀ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ẹ̀yà ohun ẹlẹ́mìí inú òkun ni ó gbára lé e. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹja ń yé ẹyin sí, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ẹja ń sá pamọ́ sí. Àpáta iyùn tún jẹ́ ògiri fún àwọn tí ń gbé etíkun. Bí ìgbì ńlá bá ń bọ̀, ara rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ kọlù, èyí tí ó bá fi máa dé èbúté kò ní ní agbára púpọ̀ mọ́. Àwa ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó mọ ohun tí ìgbì tí kò rí ìdènà lè ṣe. Ìlú Ayétòrò ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, tí a tẹ̀dó ní ọdún 1947, ti pàdánù ọ̀pọ̀ ilé sínú òkun.

Ẹnì kan lè bèèrè pé, "Kí ló dé tí kò sí àpáta iyùn ní etíkun Ìlàjẹ?" Ìdáhùn rẹ̀ kò jìnnà. Omi tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí ó ní iyọ̀, tí ó mọ́ gaara, tí oòrùn sì lè tàn dé ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni iyùn tí ń kọ́ àpáta fẹ́. Ẹ jẹ́ kí a wo odò Ọ̀wẹ̀nà tí a ń kọjá láàrin Àkúrẹ́ àti Oǹdó. Lẹ́yìn òjò ńlá, pípọ́n ni omi rẹ̀ ń pọ́n bí omi ẹrẹ̀. Àwọn odò wa ń ṣàn lọ sí ìhà gúúsù, wọ́n sì ń gbé erùpẹ̀ àti omi tí kò níyọ̀ lọ sí ọ̀nà òkun. Ẹrẹ̀ ni ó tẹ́ ilẹ̀ etíkun Ìlàjẹ. Bí ẹrẹ̀ bá bo iyùn, a sé e mọ́ èémí; bí omi bá dúdú, ewé inú rẹ̀ kò ní rí oòrùn. Kì í ṣe pé òkun wa kò dára. Ẹja àti edé ń ṣe dáadáa nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ilé iyùn tí ń kọ́ àpáta.

Ní ìhà ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, àwọn erékùṣù bí Sao Tome àti Principe àti Cape Verde ni a ti lè rí iyùn tí ó ń dàgbà lórí òkúta nínú omi tí ó mọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò kọ́ àpáta ńlá níbẹ̀. Èyí tí ó tóbi jù lọ ní ayé wà ní ìhà ìlà-oòrùn àríwá orílẹ̀-èdè Ọsirélíà. Ó gùn tó kìlómítà 2,300. Ní ọdún 1981, àjọ UNESCO kà á mọ́ àwọn ohun ìní tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ tọ́jú. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń lọ wò ó ní ọjọ́ kan péré ń gbéra láti ìlú Cairns. Ibẹ̀ ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ bí ìrìn-àjò náà ṣe ń rí.

Àárọ̀ ni ọkọ̀ ń ṣí. Àwọn ọkọ̀ kan ń lo ẹ̀rọ, àwọn mìíràn ń ta ìgbòkun kí atẹ́gùn lè máa tì wọ́n lọ. Lára owó tí àlejò san, apá kan ń lọ sọ́dọ̀ àjọ ìjọba tí ń ṣọ́ àpáta iyùn náà. Bí wọ́n ti ń lọ, àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ a máa kọ́ àwọn àlejò ní òfin. Nígbà tí ọkọ̀ bá dé, kò yẹ kí ó ju ìdákọ̀ró sí orí iyùn. Okùn rẹ̀ ni a ó so mọ́ àgbá tí ó léfòó, èyí tí a ti dè mọ́lẹ̀ síbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìdákọ̀ró irin kan ṣoṣo tí ó bá ń wọ́ nílẹ̀ lábẹ́ omi lè fọ́ ohun tí ó gba ọgbọ̀n ọdún kí ó tó dàgbà, láàrin ìṣẹ́jú kan.

Ọ̀nà méjì ni a fi ń wo iyùn. Èkínní, àlejò lè léfòó lójú omi pẹ̀lú dígí lójú àti ọ̀pá ìmí lẹ́nu, kí ó sì máa wo ìsàlẹ̀. Èkejì, ó lè mòòkùn pẹ̀lú àgbá irin tí a ti ki afẹ́fẹ́ sí, tí ó gbé pọ̀n sẹ́yìn, tí ó sì wọ bàtà rọ́bà tí ó fẹ̀ bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ. Mímòòkùn báyìí kì í ṣe eré ọmọdé. Bí ènìyàn bá wọ omi dé ìwọ̀n mítà 10, ohun tí ń tẹ ara rẹ̀ ti di ìlọ́po méjì èyí tí ó ń tẹ̀ ẹ́ lójú omi. Nítorí náà, òfin mẹ́ta ni a kì í fi ṣeré: amòòkùn kò gbọdọ̀ sé èémí, kò gbọdọ̀ sáré gòkè, kò sì gbọdọ̀ dá lọ. Ẹni tí ó sé èémí tí ó sì ń gòkè, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ yóò máa fẹ̀ sí i, ó sì lè ya á.

Ohun tí ojú ń rí nísàlẹ̀ pọ̀. Iyùn kan yọ ẹ̀ka bí ìwo àgbọ̀nrín, òmíràn tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo, òmíràn rí wínníwínní bí ọpọlọ ẹran. Ẹja kan wà níbẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ rí bí ti ayékòótọ́. Ó ń gé àpáta iyùn jẹ, ó ń lọ̀ ọ́ nínú, ó sì ń yàgbẹ́ rẹ̀ bí yanrìn funfun. Púpọ̀ nínú yanrìn funfun tí àwọn ènìyàn ń sùn lé ní àwọn erékùṣù bẹ́ẹ̀, inú ẹja yìí ni ó ti jáde. Lọ́sàn-án, ọkọ̀ a pe àwọn ènìyàn rẹ̀ jọ, a kà wọ́n kí ẹnikẹ́ni má baà ṣẹ́ kù sínú omi, a sì kọrí sí ilé.

Níbi tí ẹwà wà ni ewu náà wà. Ooru ni ọ̀tá iyùn tí ó le jù. Bí omi òkun bá fi ìwọ̀n kan péré lórí ẹ̀rọ ìwọn-ooru gbóná ju bí ó ti máa ń gbóná jù lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àjọṣe onílé àti ayálégbé a dàrú. Iyùn a lé ewé inú rẹ̀ jáde, àwọ̀ rẹ̀ a sì ṣí, a di funfun báláú. Iyùn tí ó funfun bẹ́ẹ̀ kò tí ì kú; ebi ni ó ń pa á. Bí omi bá tètè tutù, ewé a padà, iyùn a sì yè. Bí kò bá tutù, ó kú nìyẹn. Àpáta iyùn ńlá ti Ọsirélíà rí irú ìṣòro yìí káàkiri ara rẹ̀ ní ọdún 1998, 2002, 2016, 2017, 2020, 2022 àti 2024. Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ wo àwọn ọdún wọ̀nyí yóò rí i pé àyè ìsinmi láàrin wọn ń kéré sí i. Èéfín epo àti èédú tí gbogbo ayé ń jó wà lára ohun tí ń mú ayé gbóná, òkun sì ni ó ń gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú ooru náà sára.

Àlejò kan kò lè dá dín ooru òkun kù, ṣùgbọ́n ó lè ṣọ́ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ kan iyùn, nítorí pé awọ ara rẹ̀ fẹ́lẹ́, ibi tí ó bá sì bó lè di ojú egbò tí àrùn yóò gbà wọlé. Kò gbọdọ̀ dúró lé e lórí, bí ó ti wù kí ó rẹ̀ ẹ́ tó. Kò gbọdọ̀ fi bàtà rọ́bà rẹ̀ ru yanrìn sókè, nítorí pé yanrìn náà yóò bọ́ lé iyùn lórí. Ó yẹ kí ó wọ aṣọ tí ó bo ara dípò kí ó kun ìpara tí a fi ń dènà oòrùn, nítorí pé oògùn inú àwọn kan nínú irú ìpara bẹ́ẹ̀ lè pa iyùn lára. Orílẹ̀-èdè Palau ti fi òfin de irú àwọn ìpara wọ̀nyí láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020. Lékè gbogbo rẹ̀, kò gbọdọ̀ ṣẹ́ ẹyọ kan mú lọ sílé. Bí ẹgbẹ̀rún àlejò bá mú ẹyọ kọ̀ọ̀kan, àpáta tán. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Ṣé kí ẹnikẹ́ni má lọ mọ́ ni? Àwọn tí ó ń tọ́jú iyùn kò sọ bẹ́ẹ̀. Owó àlejò wà lára ohun tí a fi ń ṣọ́ ọ, ẹni tí ó sì ti fojú rí i yóò mọ ohun tí ó fẹ́ sọnù. Ṣùgbọ́n ojú ni kí ó fi wò ó, kí ó sì fi ọwọ́ sí ara rẹ̀.

Ní ìkádìí, iyùn tí a fi ń dá ọba àti ìyàwó lọ́lá kì í ṣe òkúta tí a kàn hú nílẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀dá tí ó kéré ju orí ìṣó lọ ni, ọ̀pọ̀ ọdún ni ó sì fi ṣe é. Àwọn ìbátan rẹ̀ tí ń kọ́ àpáta ṣì ń mọ ilé tiwọn lọ nínú omi tí ó ń gbóná sí i. Àwọn baba wa ti kọ́ wa láti tọ́jú iyùn ọrùn: a kì í sọ ọ́ sílẹ̀, a kì í fi ọmọdé ṣọ́ ọ. Irú ọ̀wọ̀ kan náà ni ó yẹ iyùn tí ó ṣì wà láàyè.

Àkíyèsí

Akẹ́kọ̀ọ́ yóò rí i pé ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan dáhùn ìbéèrè kan, àti pé kò sí ìpínrọ̀ tí ó fò láti ibì kan sí ibòmíràn láìjẹ́ pé èyí tí ó ṣáájú ti la ọ̀nà fún un. Yóò tún rí i pé ohun tí a mọ̀ nílé ni a fi ṣàlàyé ohun tí a kò mọ̀: ìgbín, ògán, onílé àti ayálégbé, odò Ọ̀wẹ̀nà. Òwe kan ṣoṣo ni a pa, nítorí pé ibi kan ṣoṣo ni òwe ti wúlò. Má ṣe to òwe jọ bí ẹni ń to igi ìdáná. Olùyẹ̀wò ìwé rẹ yóò mọ̀ pé àlàyé ni ó tán lẹ́nu rẹ.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Ṣàlàyé bí ìgbín tàbí ikán ṣe ń mọ ilé rẹ̀.
2. Kọ àròkọ aṣàlàyé lórí odò kan ní àdúgbò rẹ: ibi tí ó ti ń ṣàn wá, ìwúlò rẹ̀, àti ohun tí ó ń bà á jẹ́.
3. Ọ̀rẹ́ rẹ kan ń múra láti bá kíláàsì rẹ̀ lọ wo Òkè Ìdànrè ní ọjọ́ kan. Ṣàlàyé ohun tí ó yẹ kí àwọn àlejò ṣe àti èyí tí kò yẹ kí wọ́n ṣe níbẹ̀, kí o sì sọ ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan.